Àbẹ̀ní Pọ̀ Nílé Màámá

Ẹ fún mi láyè kí n jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ìyá àgbà mi ló lọ, ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo òpópónà wa ní Abraham Adésànyà Estate l'Ájà ń pè ní Màámá Kóòtù. Mo mọ̀ pé bí àgbà bá lọ, rere rẹ̀ là á kọ. Rere náà ni n óò kọ. Àmọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tẹ́ òótọ́ sílẹ̀ bí ẹní, kí a jọ jókòó lé e: mo jowú àwọn obìnrin tí ìyá yìí ràn lọ́wọ́. Mo jowú wọn nígbà tí Màámá wà láàyè, mo jowú wọn létí sàréè, bẹ́ẹ̀ ó ku díẹ̀ kí n pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Létí sàréè yẹn, obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó sunkún débi pé gèlè ṣí lórí rẹ̀, kò mọ̀. Bàbá kan tí n kò rí rí fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di ọmọ Màámá mú, kó má lọ ya wọ inú ibẹ̀." Ọmọ Màámá! Obìnrin yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa. Bísọ́lá ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nígbà kan. Mo dì í mú lóòótọ́. Mo gbé gèlè rẹ̀, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé, ta ló fún ìwọ láṣẹ láti sunkún jù mí lọ?

Ògbufọ̀ kóòtù ni Màámá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹlẹ́rìí á sọ Yorùbá, Màámá á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́. Lọ́yà á béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, Màámá á bi ẹlẹ́rìí ní Yorùbá. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, a rò pé wọn yóò máa sun oorun ọ̀sán. Oorun kẹ̀? Àwọn lọ́yà ọ̀dọ́ kan wà ní Lẹ́kkí Phase 1 tí wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Wọ́n ń gba ẹjọ́ àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù àti àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́yà Tóyìn ni aṣáájú wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í rìn, sísáré ló máa ń sáré. Òun ló wá bẹ Màámá níṣẹ́, iṣẹ́ náà kò sì ju gbígbọ́ lọ. Obìnrin á wá, á sọ tẹnu rẹ̀ ní Yorùbá, Màámá á kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n á kà á padà sí i létí, wọ́n á máa tún un ṣe títí obìnrin náà yóò fi sọ pé, "Bó ṣe rí nìyẹn." Ìgbà yẹn ni wọn yóò tó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún Lọ́yà Tóyìn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni obìnrin kan ń sọ tirẹ̀ nílé Màámá. Òfin ni. Ó ní ìdí. Kí obìnrin tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti sọ ọ́ fún lándíléédì, ó ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó ti sọ ọ́ ní ilé àdúrà, ó ti sọ ọ́ ní tésàn ọlọ́pàá, kálukú sì ti bi í pé kí lòun náà ṣe. Títí yóò fi dé kóòtù, ọ̀rọ̀ náà yóò ti gbó bí aṣọ, lọ́yà ọkọ á wá máa na ìka sí ibi tó ti ya. Màámá máa ń sọ pé, "Ọgbẹ́ tí à ń ṣí fún gbogbo ayé wò kì í san. Ẹṣinṣin ló ń bà lé e."

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àga fún yín. Àga onígi kan wà ní yàrá Màámá, ó ní tìmùtìmù aláwọ̀ ewé, ó kọjú sí fèrèsé. Kò sí ẹni nínú ẹbí tó gbọ́dọ̀ jókòó lé e. Àpótí kékeré ni Màámá fúnra wọn máa ń jókòó lé nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́rọ̀, tí orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìyá tó ń súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún lórí àpótí, ọmọ ẹni ọdún mọ́kànlélógún lórí àga! Ìyàwó bíríkìlà tó ń gbé nínú ilé tí wọn kò tíì kan òrùlé rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Obìnrin kan tí dẹ́rẹ́bà fi jíìpù gbé wá láti VGC, ibùgbé àwọn olówó, náà jókòó síbẹ̀. Omi kan náà, ife kan náà. Ti obìnrin VGC yẹn yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Màámá, inú irú ilé yẹn?" Wọ́n ní, "Ògiri tó ga ń dá olè dúró. Ó ń dá igbe náà dúró."

Lọ́jọ́ kan, mo débẹ̀ pẹ̀lú àárẹ̀ láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, mo sì jókòó lé àga náà. Mi ò ní purọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Màámá wọlé, wọn kò pariwo.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Màámá. Ẹsẹ̀ ń ro mí ni."

"Ta ló tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀ mí."

"Dìde, àga àwọn Àbẹ̀ní ni."

Ibẹ̀ gan-an ni owú mi ti ta gbòǹgbò. Èmi ni Àbẹ̀ní. Fọláṣadé ni mò ń jẹ́ níta, ṣùgbọ́n Àbẹ̀ní ni oríkì mi, Màámá fúnra wọn ló sọ mí lórúkọ yẹn, nítorí ìyá mi ti sin ọmọ méjì láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ti fi orúnkún họ ilẹ̀ kí wọ́n tó rí mi bí. Nígbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá, Màámá rí i pé orúkọ wọn kò gbọ́dọ̀ máa ta sí òpópónà. Ni wọ́n bá fi oríkì mi bo gbogbo wọn. "Àbẹ̀ní, o ti jẹun?" "Àbẹ̀ní, bu omi wẹ̀." Ará ilé kejì á gbọ́, á rò pé ọmọ-ọmọ Màámá ló wà nílé. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń ṣe mí bí mo bá wà ní kíṣìnnì, tí mo gbọ́ "Àbẹ̀ní!", tí mo sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, tí Màámá sì ń wo ẹlòmíràn.

Mo bi wọ́n nígbẹ̀yìn. Mo ní orúkọ kún ilé ayé, Àṣàkẹ́ wà, Àjọkẹ́ wà, kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi? À ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ju òkúta kan dànù, wọ́n ní, "Òun nìkan ni orúkọ tí ẹnu mi kò lè fi ìkanra pè." Mo ṣe họ́ọ̀. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi dídùn pa mí lẹ́nu mọ́ ni.

Màámá láhun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn náà, kí ìrántí má dà bí ìwàásù. Wọ́n láhun sí ọṣẹ, wọ́n láhun sí pẹtiróòlù. Bí ooru bá mú wa lọ́sàn-án, tí mo ní, "Màámá, ẹ jẹ́ ká tan jẹnẹrétọ̀," wọn á ní, "Abẹ̀bẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ ò kú." Àmọ́ tí obìnrin kan bá ti jókòó lé àga, jẹnẹrétọ̀ á bú gbàù lẹ́yìnkùlé, á máa ké títí ọ̀rọ̀ obìnrin náà yóò fi tán, kí ẹni tó ń kọjá má baà gbọ́ nǹkan kan. Àdúgbò ń sọ pé Màámá Kóòtù ń jayé orí wọn. Èmi tí mo mọ ìdí rẹ̀ ni mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra ní pálọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Àlọ́ ni mo fi dàgbà, ìtàn ni mò ń pa fún àwọn ọmọ. Ilé tí ìtàn ń wọ̀ lójoojúmọ́ tí wọn kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀kan, ìyà ni fún irú mi. Lọ́jọ́ kan mo lọ dúró sábẹ́ fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ ju "ó ní kí n" lọ. Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí Màámá tí wọ́n ń wò mí láti òkè. Ojú tì mí, bí ẹni pé mo jí ẹran nínú ìkòkò. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Ìtàn ni o wá gbọ́. Ìtàn ń wá ẹni tí yóò gbádùn rẹ̀. Ohun tí mò ń gbọ́ níbí ń wá ẹni tí yóò gbà á gbọ́."

Wọ́n ní ọ̀tá, ọ̀tá tí wọ́n sì fẹ́ràn ni. Alàgbà Ṣówándé, tí géètì wọn kọjú sí ti Màámá, jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú Màámá. Bí wọ́n bá rí ara wọn láàárọ̀, a ti mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀.

"Màámá Kóòtù, ilé mélòó lẹ tú lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ẹ ti jẹun, Alàgbà? Ebi ló máa ń mú yín sọ̀rọ̀ báyìí."

"Mo ti jẹun o. Ìyàwó mi ló sè é. Ó ṣì wà nílé mi, ẹ kò tíì rí tèmi tú."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé àga mi ṣì ṣófo."

Alàgbà á rẹ́rìn-ín, á wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí Alàgbà kò fi ṣeré mọ́, tí wọ́n ní Ọlọ́run kórìíra ẹni tó ń ya tọkọtaya, Màámá dúró sójú títì, ẹnu Ìjẹ̀bú wọn sì jáde, a mọ̀ pé inú ti bí wọn. Nígbà tó yá wọ́n rọlẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ kí gbogbo wa lè gbọ́: "Mi ò tú ilé rí, Alàgbà. Ilé tó ti wó ni mò ń bá wọn fa ọmọ yọ lábẹ́ rẹ̀."

Ohun tó ti Màámá sí iṣẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ògbufọ̀ nígbà náà, ìyàwó tuntun ni wọ́n. Ọmọbìnrin kan jẹ́rìí sí ọkùnrin tó fipá bá a lò pọ̀. Yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, ọkùnrin ni gbogbo ẹni tó wà nínú kóòtù. Ọ̀rẹ́ bàbá ọkọ Màámá wà nínú àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Ọmọ náà sọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe gan-an, gbólóhùn kan, láìfi nǹkan bò ó. Ojú ti Màámá láti fi ẹnu ara wọn tún un sọ níwájú àwọn àgbà ọkùnrin. Wọ́n sọ èyí tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n sọ èyí tó tẹ̀lé e. Adájọ́ béèrè pé, ṣé gbogbo ohun tó sọ nìyẹn? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Adájọ́ tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó yíjú, ó wo Màámá. "Ó kàn wò mí ni," wọ́n ní, "kò bú mi." Wọ́n fi kún un pé, "Gbólóhùn tí mo gbé mì lọ́jọ́ yẹn, òun ni mò ń pọ̀ jáde látìgbà yẹn."

Kí owú mi lè yé yín dáadáa, ó di dandan kí n dé orí ẹ̀gbọ́n mi.

Dàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́kkí Phase 1 ló ń gbé pẹ̀lú Bísọ́lá, ó lọ́yàyà, ó máa ń ṣe gbogbo wa lóore, ẹ̀rín rẹ̀ kì í wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá Bísọ́lá lórí àga ní yàrá Màámá. Ó wọ jígí dúdú nínú ilé. Nígbà tó yọ ọ́ láti nu ojú, mo rí i. N kò ní sọ ohun tí mo rí. Mo rí i, ìyẹn tó.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ni Màámá bá sọ fún un, lójú mi, pé, "Mu omi, Àbẹ̀ní." Àánú náà gbẹ. Àwọn àlejò yòókù ń fi orúkọ mi ṣe ìbora, wọ́n á dá a padà, wọ́n á lọ. Èyí jẹ́ ìyàwó ilé wa. Ó máa gbé e lọ pátápátá ni. Ó sì ń gbé yàrá Màámá, ó ń fi ìró Màámá bora, èmi ọmọ-ọmọ wọn sì ń kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Dàpọ̀ pè mí lórí fóònù.

"Àbẹ̀ní mi."

Ẹ gbọ́ o. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti pe orúkọ yẹn tó sì jẹ́ pé èmi nìkan ló ń pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé Bísọ́lá wà lọ́dọ̀ Màámá? Mi ò ní ṣe nǹkan kan, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni. Ìwọ nìkan lo lè ràn mí lọ́wọ́."

Mo mọ̀ pé ibi tí Bísọ́lá sá pamọ́ sí ni. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni òun àti Lọ́yà Tóyìn ń lọ sí kóòtù, láti gba ìwé àṣẹ pé Dàpọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn mọ́. Mo ti rí ojú rẹ̀. Síbẹ̀ mo ní, "Ó wà níbẹ̀. Ẹ wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni n óò ṣílẹ̀kùn."

Wọ́n wá lóòótọ́. Bàbá Kékeré ló ṣáájú, àbúrò bàbá wa, àbígbẹ̀yìn Màámá fúnra wọn. Àǹtí Mojí, ẹ̀gbọ́n Bàbá Kékeré, tẹ̀lé wọn. Alàgbà Ṣówándé náà sọdá títì wá. Dàpọ̀ wà lẹ́yìn, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́. Mo ṣí géètì fún wọn, mo fún wọn níjòókòó, mo bu omi tútù fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà mọ̀ pé ẹni tó bu omi fún ẹlẹ́bẹ̀ ti gba ìdajì ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Màámá jókòó sí pálọ̀. Wọ́n kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan. Àǹtí Mojí kọjú sí ọ̀nà yàrá, wọ́n ké: "Ìyàwó wa! Ìyàwó wa àtàtà! Jáde wá, ẹbí rẹ ni. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ọ́."

Bísọ́lá jáde. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé wọn, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Kó tó dìde, Bàbá Kékeré, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, ṣí fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

Bàbá ọkọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó ilé! Ẹ̀bẹ̀ tí ń parí gbogbo ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ọmọ wo ni wọ́n kọ́ tí yóò jẹ́ kí àgbà pẹ́ nílẹ̀ nítorí tirẹ̀? Bísọ́lá nawọ́ láti fà wọ́n dìde.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Mi ò dìde o, àfi tó o bá sọ pé o ti gbà."

"Gbà, ọmọ dáadáa," Àǹtí Mojí ní, "má jẹ́ kí orí àgbà bá ọ jà."

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè Bísọ́lá. Mo rí i níbi tó ti ń mì. Bó bá ti lè bọ́ sílẹ̀, kóòtù ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti tán, ó di kó lọ kó ẹrù rẹ̀ kó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀. N óò sọ ọ́, ẹ sì lè bú mi: inú mi ń dùn díẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ó máa lọ sílé, Màámá á padà di tèmi.

Màámá di apá àga mú, wọ́n dìde. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti kúnlẹ̀ kẹ́yìn; ìjókòó ni wọ́n fi ń gbàdúrà, àní ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Wọ́n rìn dé iwájú Bísọ́lá, wọ́n sì kúnlẹ̀. Mo gbọ́ ọ bí orúnkún náà ṣe ró lórí táìsì. Bísọ́lá kígbe. Gbogbo ilé kígbe.

"Ta ló dàgbà jù níbí?" Màámá béèrè.

Àǹtí Mojí wo Alàgbà.

"Ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ àgbà wá. Mo ní, ta ló dàgbà jù?"

"Ẹ̀yin ni, Màámá," Bàbá Kékeré dáhùn láti ilẹ̀.

"Ó dáa." Wọ́n kọjú sí Bísọ́lá. "Àbẹ̀ní, èmi ni mo bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ yìí. Èmi ni mo bí bàbá ẹni tó nà ọ́. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀bẹ̀ ni, tèmi ló lékè. Mo kúnlẹ̀ fún ọ. Mo bẹ̀ ọ́, má gbà."

"Yéè! Màámá, ẹ fẹ́ gégùn-ún fún wa ni?" Àǹtí Mojí ti fọwọ́ lérí.

Alàgbà ní, "Èyí kì í ṣe àṣà, Màámá."

"Àṣà ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀."

Bísọ́lá ti rọ̀ mọ́ Màámá lọ́rùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́: "Mo ti gbọ́, Màámá. N kò gbà." Bàbá Kékeré dìde, wọ́n gbọn agbádá wọn, wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Dàpọ̀ ti jáde ṣáájú wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kóòtù fún Bísọ́lá ní ìwé àṣẹ náà. Kò padà sí ilé yẹn mọ́.

Èmi àti Bísọ́lá la jọ gbé Màámá nílẹ̀. Orúnkún ọ̀tún ti wú. Títí wọ́n fi lọ, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Nígbà tó ku èmi àti wọn, wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ti mọ̀.

"Ta ló ṣí géètì?"

"Èmi ni, Màámá."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Èmi ni."

Mo retí igbe, mo retí èpè pàápàá. Wọ́n ní, "O mọ géètì ṣí, Fọláṣadé. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í."

Fọláṣadé. Látọjọ́ náà, wọn kò pè mí ní Àbẹ̀ní mọ́. Wọn kò bá mi jà. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, à ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń bi mí léèrè ilé ìwé. Ṣùgbọ́n Fọláṣadé ni, bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ nínú ìwé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń retí kó ṣèèṣì jábọ́ lẹ́nu wọn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Bísọ́lá máa ń wá fi òróró pa orúnkún náà. Ẹ rò ó wò: èmi ni mo ṣí géètì tí orúnkún fi bàjẹ́, òun ló ń pa á lóróró, òun náà ni wọ́n ń pè ní Àbẹ̀ní. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́wọ́.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ń tọ́jú wọn. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n lọ, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, èmi jókòó lápá ọ̀tún, Bísọ́lá lápá òsì. Wọn kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ni wọ́n bá ní, "Àbẹ̀ní."

"Mà," la dáhùn. Àwa méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan náà.

Màámá ṣíjú. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì pa ojú dé. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn nìyẹn. Èwo nínú wa ni wọ́n ń pè? Mo ti bi ara mi títí. Bísọ́lá ní èmi ni. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú inú rere tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní kí n máa gbé inú ilé náà ná, kó má baà dá páro. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kan géètì. Mo ṣí i. Ọmọbìnrin kan ni, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di ìborùn mọ́ ọrùn nínú ooru.

"Ẹ káàsán mà. Wọ́n ní kí n béèrè Màámá Kóòtù."

Mo fẹ́ sọ pé Màámá ti lọ, kó máa lọ sí ọ́fíìsì Lọ́yà Tóyìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti ìkóríta: ọkùnrin méjì àti ìyá arúgbó kan. Wọn kò sáré. Wọ́n ń kí àwọn ará àdúgbò bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Mo mọ ìrìn ẹlẹ́bẹ̀ yẹn.

Mo fà á wọlé. Mo ti géètì, mo fi àgádágodo sí i. Mo mú un lọ sí yàrá, mo ní kó jókòó. Ó fẹ́ jókòó sórí àpótí, ó ní òun kò lè jókòó sórí àga kí n máa wà ní ìdúró. Mo ní àga ni tirẹ̀.

Géètì dún.

"Ẹ kú ilé o! Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó wa kan la ń wá." Ìyá arúgbó náà ni. "Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀ ẹ́. Ẹ má bínú, ẹ ṣílẹ̀kùn fún àgbà."

Ohùn náà dà bí ohùn ìyá tèmi. Ọwọ́ mi wà lórí àgádágodo.

"Màámá, ẹ má bínú, mi ò lè ṣí i. Ìyàwó yín kò sí níbí."

"A rí ẹni tó wọlé. Ta wá ni?"

Orúkọ kan ló wá sí mi lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń bá gbogbo ayé dù nìyẹn, n kò sì tíì mọ̀ títí dòní bóyá ìyá àgbà mi dá a padà fún mi.

"Ọmọ wa ni," mo ní. "Àbẹ̀ní ni."

Mo dúró títí ẹsẹ̀ wọn fi jìnnà. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí mo padà dé yàrá, mo jókòó sórí àpótí, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọmọ náà wò mí láti orí àga.

"Kí ni kí n máa pè yín, mà?"

"Fọláṣadé ni mò ń jẹ́," mo ní. Mo ṣí ìwé. "Rọra sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni."